Páìpù tí Yóò Gbé Iná Dé Adébáyọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jámánì, wọ́n mú iná lọ ní ọ́fíìsì wa. Ojú kọ̀ǹpútà mi nìkan ló ń tàn. N kò bínú, n kò sì dìde. Ohun tí ọmọ Adó-Èkìtì tó bá gbọ́n máa ń ṣe ni mo ṣe: mo jókòó jẹ́ẹ́, mo ń dúró kí wọ́n mú un dé. Inú mi tilẹ̀ ń dùn díẹ̀ pé, áà, àwọn náà! Àfi ìgbà tí obìnrin kan láti yàrá kejì ṣílẹ̀kùn, tí iná sì tàn fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wò mí, ó béèrè ìdí tí mo fi jókòó sínú òkùnkùn. Àṣé ńṣe ni iná ibẹ̀ máa ń kú bí ẹni tó wà nínú yàrá kò bá mira. Mo ti fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ débi pé ilé náà gbà pé n kò sí níbẹ̀. Mo sọ fún obìnrin náà pé ojú ló ń dùn mí.

Bí mo ṣe dé Jámánì kò gba àlàyé. Ìwé, físà, bàálù, òtútù. Ẹni tó ti lọ ti mọ̀, ẹni tí kò tíì lọ, kó ní sùúrù títí yóò fi kàn án. Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àdúgbò wa ní Adébáyọ̀ ká, èmi sì wà ní òdìkejì òkun, mo wọ kóòtù méjì lé ara wọn.

Iléeṣẹ́ kékeré kan ló gbà mí, ní ìlú kan tó wà létí òkun. Wọ́n fẹ́ ṣe páìpù kan. Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní háídírójìn, inú omi ni wọ́n ti ń yọ ọ́, èéfín kì í sì í jáde bó bá ń jó. Bí wọ́n bá mú un tutù kọjá ibi tí yìnyín tutù dé, kọjá ibi tí ẹnu lè sọ, gáàsì náà á di omi. Bí wọ́n bá wá na irú wáyà iná kan tí wọ́n ṣe lákànṣe gba inú omi tútù yẹn, wáyà náà kò ní í gbóná rárá, iná kankan kò sì ní í ṣòfò lójú ọ̀nà. Páìpù kan ṣoṣo ni o. Háídírójìn ń lọ, iná ń bá a lọ, bí tọkọtaya tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi kọ́ ni mò ń ṣe páìpù. Ìṣirò ni tèmi. Kí a na wáyà sí ọ̀tọ̀, kí a ri páìpù gáàsì sí ọ̀tọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tipẹ́. Àbí kí a kó méjèèjì sínú ọ̀kan ṣoṣo yìí: èwo ni ìnáwó rẹ̀ máa kéré jù? Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó ń nájà l'Ọ́jà Ọba ń bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, ṣé ó pé àbí kò pé, ni wọ́n ń san owó oṣù fún mi láti dáhùn. Mo kàwé títí mo fi gba oyè nítorí ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Iṣẹ́ kò le tó àìkíni. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó ń dirun, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rárá, gbogbo wọn la rí nǹkan fún. Nínú bọ́ọ̀sì ní Jámánì, olúkúlùkù ń wo ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Mo rí bàbá kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé tí mò ń gbé, mo wá bí mo ṣe lè fi èdè wọn sọ pé "ẹ kú iṣẹ́," n kò rí i, ni mo bá sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Bàbá náà nàró, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ kíákíá. Ó rò pé ọ̀gá tuntun ni mí, pé mo wá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí mi, á di ìgbálẹ̀ mú dáadáa.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó dénú ni ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa. Obìnrin Ìbàdàn kan ló ni ín. Mo béèrè iṣu, ó ní iṣu ti tán, pé kí n mú ìyẹ̀fun inú páálí. Mo ní ẹ̀yin ìyá yìí, ní ulé wa, ẹni tó bá fi ìyẹ̀fun ṣe iyán fún àlejò, àlejò ọ̀hún á bi í pé ta ló kú. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń pàtẹ́wọ́.

"Ulé! Ẹ gbọ́ o! Èkìtì ni ẹ́! Mo ti ń wò ó pé irú agídí wo rèé lórí iṣu lásán!"

Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí, ó pe ọkọ rẹ̀ jáde kí ó wá gbọ́ mi. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe dáadáa sí mi ní ìlú yẹn, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n bá mi wá ilé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí obìnrin yẹn fi mí ṣẹ̀sín ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn kan rí mi. Mo ra ìyẹ̀fun inú páálí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ ní ilé.

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Píríńsípà ni wọ́n títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ipò kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, wọ́n sì di ipò náà mú bí ẹni pé ìjọba àpapọ̀ ló yàn wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé páìpù fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Uná àti gáàsì? Nínú páìpù kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Uná ọ̀hún kì í ṣòfò lọ́nà?"

"Kì í ṣòfò, sà."

"Mọ́mì! Ẹ wá gbọ́ uṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìjọ, títí kan bí wáyà ṣe ń wà nínú omi tútù, débi pé fíkà ìjọ ń wo aago. Ẹnìkan béèrè níta bóyá páìpù náà lè dé Adó. Bàbá mi ní kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n sọ, àmọ́ gbogbo èèyàn gbọ́ ọ bí ìlérí.

Ìlérí náà ìbá kú síbẹ̀ jẹ́ẹ́ bí kò bá ṣe pé tiransifọ́mà àdúgbò wa gbiná. Ọ̀sán gangan ló bú, ó sì dákẹ́. Wọ́n lọ sọ fún iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní àwọn ti gbọ́. Òótọ́ ni, wọ́n gbọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, àdúgbò tí kò bá fẹ́ darúgbó sínú òkùnkùn, ńṣe ni wọ́n máa ń dáwó jọ ra tiransifọ́mà fúnra wọn. Wọn á bẹ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kí wọ́n wá so ó, wọn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n so ó. Ohun tí Alhaji Rájì sọ pé kí wọ́n ṣe nìyẹn. Alhaji Rájì ni wẹ́dà tó wà ní ọ̀kánkán ilé wa, ẹni tó rọ géètì gbogbo ilé tó wà ní òpópónà náà. Láìsí iná, jẹnẹrétọ̀ ló fi ń jó irin, epo bẹtiróòlù sì ń jẹ èrè rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá mi dìde nínú ìpàdé, wọ́n ní kò sí ìdí fún ìkánjú. Wọ́n ní kí àdúgbò má ra ohun àtijọ́ nígbà tí ohun tuntun ń bọ̀.

"Ohun tuntun wo, Mọ́mì?" Mo bi ìyá mi bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

"Páìpù rẹ ni. Bàbá rẹ ní kí wọ́n dúró dè ọ́."

"Kí wọ́n dúró de èmi kẹ̀?"

"Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní ọmọ àwọn mọ ohun tó ń ṣe. Ṣé o ti jẹun?"

Fóònù kú. Ọ̀dọ̀ Alhaji Rájì ni ìyá mi máa ń gbé e lọ fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gba iná sí. Bàbá mi kì í bá wọn gbé tiwọn lọ. Wọ́n ní àwọn kò ní ẹni tí àwọn fẹ́ pè.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ìṣirò mi jáde, páìpù kò sì pé. Wàhálà wà lára òtútù. Kí háídírójìn tó lè wà lómi, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù gbọ́dọ̀ wà káàkiri ojú ọ̀nà, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń jẹ iná ju iná tí wáyà náà ń bá wa tọ́jú lọ. Wáyà ọ̀tọ̀ àti páìpù ọ̀tọ̀, bí wọ́n ṣe burú tó yẹn, ni kò ná wa tó bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo wà tí tiwa ti lè bá wọn du ọjà: kí ọ̀nà gùn gan-an, kí ẹrù pọ̀ gan-an, kí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà sì fẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wa, Díítà, ló ni èrò páìpù náà. Orí rẹ̀ funfun, ó dàgbà ju bàbá mi lọ díẹ̀, ègé kan lára páìpù náà sì wà lórí tábìlì rẹ̀ níbi tí àwọn mìíràn máa ń gbé fọ́tò ọmọ sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé tọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ kí n sọ pé kò pé? Ilé tó tọ́ mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní iṣẹ́ ńlá ni, pé kò sí irú rẹ̀. Mo ní ó kàn jẹ́ pé, bí ọ̀nà bá lè gùn sí i, bóyá, nígbà tó bá yá, a ó tún máa wò ó.

Ní Adó, ẹni tí mo bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún á ti káṣọ rẹ̀, á ti máa lọ sílé. Díítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bí ọ̀nà bá gùn sí i. Ó dára gan-an." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo lo ọ̀rọ̀ kan náà fún bàbá mi lórí fóònù ìyá mi. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ ńlá ni páìpù yìí o. Ó kàn jẹ́ pé, bí ọ̀nà bá lè gùn sí i."

"Ọ̀nà gígùn? Ṣé láti Jámánì dé Adó kò wá gùn tó ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn. Ẹnu yà mí. Àwọn gan-an ló kọ́ mi ní irú èdè yẹn.

Oṣù ń gorí oṣù. Díítà pè mí sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ayọ̀ kún ojú rẹ̀, ó tẹ́ àwòrán ayé sílẹ̀ níwájú mi. Ó ti fa ìlà pupa kan. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun ilẹ̀ wa, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó bọ́ sínú òkun, ó gòkè wá sí Jámánì. Oòrùn pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó ní. Ẹ ó fi ṣe iná, ẹ ó fi ṣe háídírójìn, páìpù á kó méjèèjì wá. Ọ̀nà ti gùn báyìí, àbí? Mo wo ọfà tó yà sórí ìlà náà. Òkè ni ọfà ọ̀hún dojú kọ. Adébáyọ̀ jókòó sínú òkùnkùn, ó ń retí páìpù, páìpù sì ń retí kí Adébáyọ̀ fi iná ránṣẹ́.

Mo padà lọ ṣe ìṣirò náà. Ọ̀nà gùn lóòótọ́, ẹ̀rọ òtútù sì pọ̀ sí i, òkun sì wà láàárín. Kò pé síbẹ̀. Díítà ti ké sí àwọn tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ kí n dúró níwájú wọn sọ pé ó pé.

Ìyá mi ló pè ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ohùn wọn kò dùn. Alhaji Rájì ti rí ṣọ́ọ̀bù sí Ìyìn-Èkìtì, níbi tí iná wà. Ó ti wá sọ fún bàbá mi fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé bí ìpàdé ọjọ́ Sátidé bá parí láìsí tiransifọ́mà, òun á kó irin òun lọ. Telọ̀ ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní òun á bá a lọ. Bí àwọn méjèèjì bá lọ, kò sí ẹni tí yóò tún dáwó, àdúgbò á wà bẹ́ẹ̀.

"Bàbá rẹ ní kí o bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ náà," ìyá mi ní. "Ọmọ mi, ṣé páìpù yìí ń bọ̀?"

Mo ní mo máa sọ fún wọn ní ìpàdé. Kì í ṣe iná nìkan ni mo ń rò. Mo ń rí bàbá mi lójú ara mi, tí wọ́n jókòó sórí àga alága, tí ọmọ bíbí inú wọn ń já wọn ní irọ́ lójú gbogbo onílé.

Mo fi Díítà dánra wò ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn bí ti ọmọ ilé ìwé.

"Kò pé," mo ní.

"Kí ni kò pé?"

"Páìpù. Bí ọ̀nà gùn, bó kúrú, kò pé. Wáyà lásán àti páìpù lásán ló máa na wá mọ níwọ̀n."

Ó bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo ní mo ti sọ fún un. Ó ní, "Iṣẹ́ ńlá ni o sọ fún mi pé ó jẹ́." Mo ní iṣẹ́ ńlá ni, kò kàn pé ni. Ó gbé ègé páìpù náà, ó yí i lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́, ó sì gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ìbá ti dúpẹ́ tipẹ́ bí mo bá ti la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Jámánì, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìtara dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí mo ba iṣẹ́ ayé ènìyàn jẹ́ sì ni. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi tan sípíkà fóònù ìyá mi sílẹ̀ lórí tábìlì ìpàdé. Mo gbọ́ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ alága, ọ̀rọ̀ alága sì gùn.

"Ọmọ mi, gbogbo onílé ló ń gbọ́ ọ. Sọ fún wọn."

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá." Gbogbo wọn dáhùn. "Bàbá, ẹ má bínú. Páìpù náà kò pé. Kò ní í dé Adó. Bó bá tilẹ̀ dé ilẹ̀ wa lọ́jọ́ kan, iná ló máa wá kó lọ, kì í ṣe iná ló máa gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tiransifọ́mà."

Mo gbọ́ adìyẹ kan tó ń ké níbì kan lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí adìyẹ náà dákẹ́, mo rò pé fóònù ti kú, mo sì ń gbàdúrà pé kó ti kú kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Alhaji Rájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A gbọ́ o, ọmọ wa. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ rí ìdí tí alága fi ní kí a ní sùúrù? Ó fẹ́ kí a gbọ́ òótọ́ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ tí àga wọ́ nílẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá mi ti pa sípíkà, wọ́n ti gbé fóònù jáde síta.

"Kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí?"

"Bàbá?"

"Láti ọjọ́ tí o ti ní bí ọ̀nà bá gùn ni mo ti mọ̀. Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣebí èmi ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ṣì fi ní kí wọ́n máa dúró?"

"Kí n ṣe báwo? Kí n lọ ra tiransifọ́mà, kí gbogbo Adó máa sọ pé bàbá rẹ̀ gan-an kò gba uṣẹ́ rẹ̀ gbọ́? Láéláé! Ẹnu tìrẹ ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Ùwọ ni mò ń dúró dè, ọmọ yìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú òkùnkùn."

Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí irin Alhaji Rájì fi ń dípẹtà, tí ìyá mi ń gbé fóònù kọjá títì, nítorí pé mo ń bọ̀wọ̀ fún bàbá mi ni, bàbá mi náà sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ràn bàbá mi lọ́jọ́ náà débi pé àyà ń dùn mí.

"Ṣé wọn kò ní í lé ọ níbi uṣẹ́?" wọ́n bi mí, ohùn wọn ti rọ̀.

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Bí wọ́n bá lé ọ, ulé wà. Uná á ti wà níbẹ̀." Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. "Dúró ná. Ohùn Rájì nìyẹn, ó ti ń yan àwọn tí yóò lọ rà á. Jẹ́ kí n padà wọlé kí wọ́n tó fi í ṣe alága."

Wọn kò dúró gbọ́ ó dàbọ̀.